Súkúrù Tó Ń Yí Lásán Lára Igi Ìbọn Àgbà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ odù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹbọ. Ọ̀rọ̀ ihò ni. Ihò tí kò tóbi ju orí ìka ọmọdé lọ ni, ó wà lára igi ìbọn ṣakabùlà tí ọ̀pọ̀ ilé wa gbé kọ́ sí ojúbọ Ògún. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ihò yẹn lè gba ojú èèyàn.

Súkúrù ni mò ń sọ, ìṣó eléyín tí à ń yí wọlé, tí a kì í fi òòlù kàn. Eyín rẹ̀ ló ń di igi mú. Bí igi inú ihò bá ti jẹ tán, súkúrù á máa yí lọ́tùn-ún, á máa yí lósì, kò ní di nǹkan kan mú mọ́. Ẹ fi ìka fà á, ó jáde wọ́ọ́rọ́ bí eyín ọmọ ọdún méje.

Bó bá jẹ́ lára irin tó bo ìdí ìbọn ni, kò tíì burú. Ìrù ọ̀pá ìbọn ni kí ẹ wò dáadáa, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ọ̀pá, lókè ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Lára ìbọn òyìnbó àtijọ́, súkúrù ibẹ̀ sábà máa ń la igi kọjá lọ bá irin mìíràn nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ èyí tí mo ti fojú rí, tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa rọ tàbí tí wọ́n tún igi rẹ̀ gbẹ́, inú igi lásán ni súkúrù yẹn parí sí. Igi nìkan ló gbọ́kàn lé. Bí ẹ̀tù bá gbiná, ọ̀pá ìbọn á ta sẹ́yìn, á sì fẹ́ gbé orí sókè. Bí ìrù rẹ̀ kò bá dì mú, á fò kúrò nínú igi, iná tó yẹ kó gba ẹnu ìbọn lọ lè yà sí ojú ẹni tó yìn ín. Mo mọ ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ òsì ò ríran mọ́ nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, níbi òkú àna rẹ̀. Ẹ̀tù lásán ni wọ́n kì sínú ìbọn náà o, kò sí ọta níbẹ̀.

Kí ló ń ba ihò yìí jẹ́? Ọyẹ́ ń gbẹ igi, òjò ń mú un wú, lọ́dọọdún. Èérí ẹ̀tù tó bá ṣẹ́kù ń fa omi mọ́ra, súkúrù á dípata, ìpata náà á sọ igi àyíká rẹ̀ di dúdú, á sì mú un kú. Àwọn ọmọ wa náà wà níbẹ̀, tí wọ́n máa ń tú gbogbo súkúrù kí ọdún Ògún tó dé nítorí pé wọ́n fẹ́ kí irin dán. Títú yẹn kọ́ ni mo bá wí, bí wọ́n ṣe ń dá a padà ni. Ẹni tó bá fẹ́ dá súkúrù padà sínú igi, kó kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn jẹ́jẹ́, títí yóò fi gbọ́ ọ tí yóò dún "kẹ́", tí yóò sì rí i pé ó jìn wọlé díẹ̀. Ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ìgbà náà ni kó wá yí i síwájú. Ẹni tó bá ń fi agbára yí i láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tuntun ló ń là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, nígbà tí yóò bá fi ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ihò ti di kòtò.

Èyí tó burú jù lọ, àwa olùsìn fúnra wa ni à ń ṣe é. Epo pupa ni. Lọ́jọ́ ọdún, a ó tẹ́ ìbọn síwájú Ògún, a ó da epo lé e láti ẹnu dé ìdí, inú wa á sì máa dùn. Epo yẹn kì í dúró lórí igi. Á rá gba ẹ̀gbẹ́ súkúrù wọlé, á lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ ihò, níbi tí oòrùn kò lè dé. Igi tó bá ti mu epo lọ́dọọdún fún àádọ́ta ọdún, ẹ fi ìlu gún un wò: rírọ̀ ni yóò rọ̀ bí iṣu tó rà. Èmi ò ní kí ẹ má fún Ògún ní epo. Ta ni mo jẹ́? Ohun tí mo ń sọ ni pé irin àti òkúta ojúbọ ni kí ẹ da epo sí. Irin ni Ògún. Igi ìbọn, ilé tí irin ń gbé ni, a kì í da ọbẹ̀ sórí ògiri ilé kí a tó mọ̀ pé a fún onílé lóúnjẹ.

Lọ́dún 2025, ọdẹ àgbà kan nínú agboolé wa papò dà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, ni yóò yìnbọn níbi ìṣípà ọdẹ, ìbọn bàbá bàbá rẹ̀ ni yóò sì lò, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé náà nìyẹn. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà tí a gbé ìbọn sọ̀ kalẹ̀. Mo fi ìka kan súkúrù ìrù ọ̀pá, ó bá mi lọ́wọ́ jáde.

Ẹ wá gbọ́ ìmọ̀ràn lọ́jọ́ náà! Àbúrò olóògbé tó ti Èkó dé ní kí wọ́n lọ ra súkúrù tó nípọn jù ú lọ lọ́jà, kí wọ́n fi agbára yí i wọlé, ó parí. Ẹ̀gbọ́n kan ní kí wọ́n fi rọ́bà inú táyà so ó yípo. Wẹ́dà tó wà nítòsí ní òun lè jó irin mọ́ irin, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ní kó máa lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tilẹ̀ sọ pé kí a jó igi yẹn nínà, kí a lọ gbẹ́ tuntun. Bàbá Olúọdẹ bínú sí i. Ó ní ọwọ́ àwọn tó ti lọ ló sọ ibi ìdìmú igi yẹn di dídán bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀dà.

Mo fara mọ́ Bàbá Olúọdẹ, mo sì ní ìdí mìíràn. Kí ẹ tó pe ìbọn àgbà ní pàǹtí, ẹ nu irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí òkúta ti ń ṣá iná. Lára ti ilé yìí, ẹ ó rí adé kékeré kan àti ọ̀rọ̀ "TOWER". Ìbọn tí òyìnbó ń kó wá tà ní etí òkun wa ní àkókò òwò ẹrú àti òwò epo sábà máa ń ní àmì yẹn. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín ṣá: ọ̀pọ̀ tó ní i lára kò dé ilé ìṣúra ìbọn ọba ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù rí, àwọn oníṣòwò kàn ń tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ kó lè tà ni. Birmingham ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, ìlú yẹn sì ní ilé tí wọ́n ti ń dán ọ̀pá ìbọn wò láti ọdún 1813. Èyí tó bá ní lẹ́tà ELG nínú àmì roboto lára ọ̀pá rẹ̀, Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti dán an wò. Irú ìbọn báyìí ni ogun ọ̀rúndún tó kọjá lọ́hùn-ún fi kún ilẹ̀ wa. Ogun Jálumi tí wọ́n jà ní Ìkìrun lọ́dún 1878, tí àwọn tó sá fi bẹ́ sínú odò Ọ̀tìn, kò jìnnà sí Ìfọ́n níbí. Ogun Kírìjí sì wà lójú ìjà títí di 1893, ìró ìbọn ló fún un lórúkọ. Igi tó ti gba irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kọjá, ihò kan kò tó ohun tí a ó fi dáná sun ún.

Ti súkúrù tó nípọn ńkọ́? Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe, òun sì ni ó burú jù. Igi ibi ìdìmú ìbọn tín-ín-rín, ìlà rẹ̀ sì ń tọ gígùn ìbọn lọ. Súkúrù tó tóbi á ṣe bí àáké tí a fi la igi ìdáná: lójú ẹsẹ̀, kò ní hàn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá yìn ín, igi á là láti ihò títí dé ìdí. Ẹ tún ti sọ súkúrù àtijọ́ nù nìyẹn. Ẹ wo ẹnu súkúrù ayé àtijọ́: kí nǹkan bíi ọdún 1850 tó dé, súkúrù igi kì í ní ẹnu ṣóńṣó, bẹ́rẹ́ ni. Ti ìbọn yìí rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ò lè rí i rà mọ́ lọ́jà Òṣogbo.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n máa ń ki igi ìṣáná bọ inú ihò, tàbí kí wọ́n bu lẹ́búlẹ́bú pákó síbẹ̀, kí wọ́n kán gọ́ọ̀mù super glue lé e. Ó máa ń le bí òkúta, òótọ́ ni. Fún ẹsẹ̀ àga, mi ò rí wí sí i. Ṣùgbọ́n bí òkúta náà ló ṣe ń fọ́ nígbà tí ìbọn bá ta.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni a nílò. Ẹni tó máa ń gbẹ́ nǹkan òrìṣà fún wa, ọmọ Ìlobùú ni, Ìfọ́n ni ìyá rẹ̀ ti wá. Ẹ̀yin náà mọ bí ìlú ṣe rí lọ́dún yẹn, ìjà ilẹ̀ láàrin àwa àti àwọn ará Ìlobùú àti Ẹ̀rìn, títí ìjọba Ọ̀ṣun fi kéde kónílé-ó-gbélé. Ta ni yóò gbé ìbọn dání lójú títì lọ sí Ìlobùú ní irú àkókò bẹ́ẹ̀? Kódà bí ìlú bá rọgbọ, òfin ìbọn ọdún 1959 ka ṣakabùlà pọ̀ mọ́ ìbọn tó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Kí ẹni tí ìwé ìbọn ilé rẹ̀ bá ti sọnù pẹ̀lú bàbá tó kú yára lọ bá lọ́yà tàbí ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, kó tó di pé wọ́n bá a nílé.

Nítorí náà, òun ló wá bá wa. Ó dúró kí àwọn sójà ṣí ọ̀nà, ó wá ní ọ̀sán gangan pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ léjìká. Wọ́n dá a dúró lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó dé, obìnrin kan nínú agboolé sọ ọ́ sẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́ pé ṣé ará ọ̀hún la fẹ́ fi ìbọn wa lé lọ́wọ́? Ìyá àgbà ilé náà ló dá a lóhùn pé ará ọ̀hún náà ló gbẹ́ ọ̀pọ́n Ifá tó wà ní yàrá, ṣé kí wọ́n gbé ìyẹn náà sọnù ni? Ọ̀rọ̀ parí. Mo dá obì níwájú Ògún kí irin tó kan igi, obì yàn, méjì ṣí, méjì dé.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́, kó tó fọwọ́ kan súkúrù, ni pé ó yọ òkúta ìṣáná kúrò, ó wá ti ọ̀pá ìkìbọn bọ ẹnu ìbọn títí tó fi dúró. Ó fi ẹfun sàmì sí ibi tí ó bá ẹnu ìbọn dé, ó fà á jáde, ó tẹ́ ẹ lé ìta ọ̀pá ìbọn. Bí orí ọ̀pá ìkìbọn bá dé ibi ojú iná, ìbọn ṣófo. Bó bá kù bí ìka mẹ́ta, mẹ́rin, nǹkan wà nínú rẹ̀, kí gbogbo ilé sì jáde. Ẹ má sọ pé ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti kì í. Ẹ̀tù tí omi kò kàn kì í kú. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ lu ihò sára ìbọn tí a kò tíì wọ̀n báyìí.

Ihò yẹn kún fún epo, gọ́ọ̀mù kankan kì í sì í mú igi tó ti mu epo. Ẹfun la fi fà á. Àwa ọmọ Ìfọ́n, Òrìṣà Olúfọ́n ló ni wá, ẹfun kì í wọ́n wa nílé. Ó lọ̀ ọ́ kúnná, ó fi asitóònù tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná pò ó bí ẹ̀kọ, ó ki í sínú ihò, ó gbé igi sínú oòrùn. Ìta gbangba ni o, kò sí iná, kò sí ẹni tó mu sìgá nítòsí. Nígbà tó gbẹ, ẹfun ti pọ́n rúsúrúsú. Ó hú u jáde, ó tún fi òmíràn sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ṣe é láàrin ọjọ́ méjì, títí ẹfun fi jáde ní funfun bó ṣe wọlé. Bàbá Olúọdẹ ní òun ò mọ̀ pé Òòṣà ń bá Ògún fọ aṣọ. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ló wá lu ihò náà gbòòrò díẹ̀, títí ó fi kan igi tó yè, tí ẹ̀rùnrùn pákó rẹ̀ gbẹ, tí kò sì dúdú mọ́. Igi tí yóò fi dí i ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Kì í ṣe arère, ó fúyẹ́ jù. Kì í ṣe ọparun, ó ń là. Ayìn ni, igi orin tí a fi ń runyín, ó le, ó sì gbẹ. Mo ti fẹ́ mú orin kan wá látinú ilé, ó ní rárá. Ó ní bí òun bá ki orin bọ ihò lóòró, súkúrù á wọ inú igi náà láti orí rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn kan ìṣó sí orí ìgbálẹ̀, ẹ̀rún igi á kàn yà fún un ni. Ó ní kí n bá òun wá ìtì ayìn tí wọn kò tíì là. Mo rí i lọ́dọ̀ ìyá olórin kan. Ó gé èkìdá rẹ̀ ní ìbú, ó fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ di roboto, kí ìlà inú rẹ̀ lè tẹ̀ lé ìlà igi ìbọn. Báyìí ni súkúrù yóò ṣe gé ìlà igi kọjá, tí eyín rẹ̀ yóò fi rí nǹkan gbá mú. Fún ihò kékeré bíi ti irin ìdí ìbọn, ẹ̀rún orin méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà ti tó. Ti ìrù ọ̀pá kò gba ìdẹ̀rùn bẹ́ẹ̀.

Araldite ló lò, èyí tí à ń pò méjì pọ̀, nítorí ó fara da igi tó ti mọ epo rí ju gọ́ọ̀mù funfun lọ. Ó fi òòlù pákó kàn án jẹ́jẹ́ títí tó fi kún. Ìyẹn kù sí ọjọ́ méjì kí ìṣípà tó dé, àbúrò láti Èkó sì ti ń rìn síwá rìn sẹ́yìn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ò dá a lóhùn. Odidi ọjọ́ kan ló fi í sílẹ̀ kó gbẹ.

Ní ọjọ́ kejì ó rẹ́ orí rẹ̀ dọ́gba. Ó gbé ẹnu ìlu sí iwájú súkúrù, ó wò ó síta: ó fẹ́ ìlu tó bo ara súkúrù ṣùgbọ́n tí eyín rẹ̀ yọ lọ́tùn-ún lósì. Ìyẹn ló fi lu ihò tuntun. Bí ihò bá fúnjú ju bẹ́ẹ̀ lọ, igi á là, àgàgà pẹ̀lú súkúrù tí ẹnu rẹ̀ bẹ́rẹ́. Ó fi ìda oyin pa eyín súkúrù kó lè yọ̀ wọlé. Mo ní kí wọ́n mú ọṣẹ wá, ó ní ọṣẹ ń fa omi, ìpata á tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ló fi yí i, kì í ṣe ẹ̀rọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ìsàlẹ̀, ó fún súkúrúdíráfà náà fún ọmọ olóògbé, ó ní kó yí ìyókù, kó lè mọ bó ṣe ń rí lọ́wọ́ nígbà tó bá di mú. Ọmọ náà yí i, ó dúró gbọin. Mo rí i tí ó mí kanlẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló yìn ín lọ́jọ́ ìṣípà, pẹ̀lú ẹ̀tù tí Bàbá Olúọdẹ fúnra rẹ̀ wọ̀n. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàǹpàkò kan ìrù ọ̀pá wò. Kò mì. Nígbà tí ọ̀pá tutù, wọ́n tú u kúrò lára igi, wọ́n fi omi gbígbóná fọ inú rẹ̀, nítorí omi gbígbóná ló ń mú èérí ẹ̀tù jáde, wọ́n sì fi àkísà gbẹ ẹ́ kí wọ́n tó fi epo díẹ̀ pa irin. Igi kò rí omi, kò rí epo. Gbẹ́nàgbẹ́nà ti padà sí Ìlobùú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú, kí ọ̀nà tó dí. Wọ́n fi itan ẹran ìṣípà ránṣẹ́ sí i nígbà tí ọ̀nà là.